Iṣẹ́ Zdeno Chára lórí yìnyín: ṣé gíga ara rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, àbí ohun mìíràn?

Agbọ́hùn-Eré (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n gba Zdeno Chára, ọmọ orílẹ̀-èdè Slofákíà, wọlé sí Gbọ̀ngàn Ògo eré họ́kì orí yìnyín ní ìlú Toronto. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ nípa rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó sì ń dùn mí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, gíga rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń dúró sí. Òótọ́ ni pé ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 9, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 206, kò sì sí ẹni tó ga jù ú lọ tó tíì gbá họ́kì rí nínú líìgì NHL, tó jẹ́ líìgì tó lágbára jù lọ lágbàáyé nínú eré yìí. Ṣùgbọ́n bí gíga bá tó láti sọ ènìyàn di akọni lórí yìnyín, a ò bá ti rí irú rẹ̀ púpọ̀.

Ìlú Trenčín, ní ìwọ̀-oòrùn Slofákíà, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1977, nígbà tí Slofákíà àti Tṣẹ́kì ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìlú náà kò tóbi, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Dukla Trenčín tó wà níbẹ̀ ti tọ́ àwọn eléré tí gbogbo ayé mọ̀ dàgbà: Marián Hossa àti Marián Gáborík wà lára wọn, Pavol Demitra náà sì gbá fún un. Nígbà tí Chára ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò bá eré náà mu ni wọ́n fi ń wò ó. Ó gùn jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tètè gbọ́ tirẹ̀ lórí yìnyín, àwọn kan sì ń gbà á níyànjú pé kí ó kúkú lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù. Kò gbọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Prague láti bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Sparta gbá. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ New York Islanders ti rí i, tí wọ́n sì mú un ní ipò 56 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 1996.

Ipò 56 kì í ṣe ipò ẹni tí wọ́n ń retí ohun ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó lè wọ NHL, ó lo sáà kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Prince George, ìlú kan tó jìnnà sí àríwá ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà, níbi tí ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá eré náà lórí pápá tó kéré ju ti Yúróòpù lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1997 ló kọ́kọ́ gbá nínú NHL. Títí ó fi kúrò ní New York ní ọdún 2001, Islanders kò tilẹ̀ débi ìdíje tó máa ń tẹ̀lé sáà, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yóò gba Ife Stanley.

Èrò tèmi ni pé gíga rẹ̀ jẹ́ ìdènà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di àǹfààní, àti pé iṣẹ́ àṣekára pẹ̀lú ọ̀nà tí ó gbà ń darí ènìyàn ló yí i padà. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin náà rí sí i.

---

Ajàkadì-Abẹ́òkúta

Agbọ́hùn-Eré, ẹ kú iṣẹ́. Họ́kì kọ́ ni mo mọ̀ jù, ìjàkadì ni mo mọ̀, ibẹ̀ sì ni n ó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹ kò tíì dárúkọ bàbá rẹ̀. Ajàkadì ni Zdeněk Chára, bàbá ọkùnrin yìí. Ó jà fún Tsẹkoslofákíà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti ọdún 1976 ní Montreal, nínú irú ìjàkadì tí wọ́n ń pè ní Greco-Roman. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: nínú irú ìjàkadì yìí, o kò gbọdọ̀ di ẹni tí ẹ jọ ń jà mú nísàlẹ̀ ìbàdí, o kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àyà, apá, èjìká àti ìbàdí ni gbogbo iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá ga nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, tí ó sì gbára lé gíga rẹ̀, yóò tètè ṣubú, nítorí pé ẹni kúkúrú ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀ tí yóò sì gbé e ta. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni gíga ni pé kí ó tẹ orúnkún, kí ó mú ìbàdí rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí agbára ti ilẹ̀ wá. Nígbà tí mo wo àwọn fídíò eré Chára, ohun tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. Bí ó bá ti bá ẹnìkan dé ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi ògiri pákó tó yí yìnyín ká, kì í sáré kọlù ú bí àwọn mìíràn ṣe máa ń ṣe. Yóò rọra sún mọ́ ọn, yóò fi ìbàdí sé e mọ́ ògiri, yóò sì wá gba ohun tó ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé ìjàkadì ni yóò mọ irú rẹ̀ ṣe. Mo rò pé ohun tí Agbọ́hùn-Eré pè ní iṣẹ́ àṣekára ní orírun tó ṣe é tọ́ka sí, inú ilé bàbá rẹ̀ ni ó sì wà.

---

Ìyá-Ìbejì-Toronto

Ẹ kú ìjíròrò o. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń gba họ́kì níhìn-ín, ẹ̀gbẹ́ yìnyín ni mo sì máa ń wà ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tako yín díẹ̀. Kí á má tìtorí pé a fẹ́ yin iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kí á wá fojú fo ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un.

Ẹ wo ọ̀pá tó fi ń gbá eré nìkan. Òfin NHL ni pé ọ̀pá eléré kò gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 63 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ̀ǹda ọ̀pá tó gùn tó ínṣì 65 fún ẹni tí gíga rẹ̀ bá tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 6. Ẹ fi apá rẹ̀ kún un, kí ẹ sì wo bí ibi tí ó lè fọwọ́ bà láìṣí ẹsẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Eléré tó bá gbé pọ́ọ̀kì, ìyẹn rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní láti yà jìnnà kó tó lè yí i ká, bí ó bá sì yà jìnnà, igun tí yóò ti gbá a sílé ti bàjẹ́ nìyẹn. Agbára ìgbá rẹ̀ náà wá láti ibẹ̀. Ní ọdún 2012, níbi àpéjọ àwọn ìràwọ̀ NHL ní Ottawa, pọ́ọ̀kì tí ó gbá sáré tó máìlì 108.8 ní wákàtí kan, èyí tó súnmọ́ kìlómítà 175. Al Iafrate ló ni àkọsílẹ̀ máìlì 105.2 láti ọdún 1993, títí Chára fi kọjá rẹ̀ ní ọdún 2009. Ẹni tí kò ga kò lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbé ọ̀pá sókè kó tó gbá.

Síbẹ̀, mo gbà pẹ̀lú Agbọ́hùn-Eré lórí ohun kan: àwọn tó ni í lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ní. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, Islanders fi Chára, Bill Muckalt àti ẹ̀tọ́ láti ṣa ẹni kejì nínú ìṣàyàn ọdún náà ṣe pàṣípààrọ̀ fún Alexei Yashin ti Ottawa Senators. Jason Spezza ni Ottawa fi ẹ̀tọ́ náà mú. Islanders wá fún Yashin ní àdéhùn ọdún 10 tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 87.5, ṣùgbọ́n kí ọdún 10 náà tó pé, ní ọdún 2007, wọ́n sanwó fún un kí ó lè máa lọ. Mo máa ń káàánú àwọn ará New York nígbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Ní Ottawa ni Chára ti di eléré ẹ̀yìn gidi. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ náà ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n dé àṣekágbá, New Jersey ni wọ́n sì pàdánù sí. Ní ọdún 2004, ó wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n yẹ̀ wò fún àmì ẹ̀yẹ Norris, èyí tí wọ́n ń fún eléré ẹ̀yìn tó dára jù lọ. Nígbà tí NHL ti ilẹ̀kùn fún odidi sáà kan, ó lọ gbá fún Färjestad ní Swídìn. Ìgbà tí ó di ọdún 2006, owó tí òfin líìgì gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láyè láti ná kò jẹ́ kí Ottawa lè di òun àti Wade Redden mú papọ̀. Redden ni wọ́n yàn.

---

ỌmọỌ̀ṣun-Boston

Ìyá Ìbejì, ibi tí ẹ dánu dúró sí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní Boston nígbà tí Chára dé, mo sì rántí bí ẹgbẹ́ Bruins ṣe rí kí ó tó dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005 ni wọ́n ta balógun wọn, Joe Thornton, fún San Jose, wọ́n sì parí sáà náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ìsọ̀rí wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2006 ni Chára tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún 5 tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 37.5, wọ́n sì fi í jẹ balógun kíákíá. Mo tún fẹ́ràn pé ọjọ́ kan náà ni òun àti Thornton wọlé sí Gbọ̀ngàn Ògo ní ọdún 2025.

Gíga kò kúrò lára rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àmọ́ Bruins kò débi ìdíje Ife Stanley. Ohun tó yí padà díẹ̀díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gbé nínú yàrá ìmúra wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ họ́kì, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀sín, tí wọ́n á máa pè ní orúkọ tó ń fi hàn pé wọn kò tíì já mọ́ nǹkan, tí àwọn àgbà á sì máa rán níṣẹ́kúṣẹ́. Chára kò fàyè gba ìyẹn. Ó ní ẹni tó bá ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà ti di ọmọ ẹgbẹ́, yálà ọmọ ogún ọdún ni tàbí ẹni ogójì. Àwa tí a dàgbà nílé tí àgbà kì í ti bá ọmọdé jókòó sórí àga kan náà lè rò pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ yóò mú kí wọ́n fojú di í. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí. Patrice Bergeron àti Brad Marchand, tí wọ́n dàgbà lábẹ́ rẹ̀, ni wọ́n jẹ balógun tẹ̀ lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe ń darí.

Àmì ẹ̀yẹ Norris tí Ìyá Ìbejì mẹ́nu bà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọdún 2009, lẹ́yìn tí Nicklas Lidström ti gbà á ní ọdún mẹ́ta léra wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìtìjú dé: Bruins borí Philadelphia nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 àkọ́kọ́, wọ́n sì pàdánù 4 tó kù. Wọ́n tilẹ̀ ti gbá gòólù 3 sí òdo nínú èyí tó kẹ́yìn kí wọ́n tó jẹ́ kí ó bọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni irú èyí máa ń tú ká.

Ní ọdún 2011, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpàdánù méjì nílé lọ́wọ́ Montreal, Chára kò sì lè gbá èkejì nítorí pé omi ara rẹ̀ gbẹ. Ó padà wá, wọ́n sì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje. Tampa Bay náà gbà wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7. Ní àṣekágbá, Vancouver na Bruins lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó sì di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje lọ́jọ́ 15 oṣù kẹfà, nínú ilé àwọn ará Vancouver fúnra wọn, kí Bruins tó gba Ife náà pẹ̀lú gòólù 4 sí òdo. Láti ọdún 1972 ni Boston kò ti rí i gbà. Chára sì di balógun kejì tí wọ́n bí, tí wọ́n sì kọ́ ní eré náà ní Yúróòpù tí yóò gbé Ife Stanley sókè, lẹ́yìn Lidström.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tó kan àwa gan-an. Ní sáà 2013 sí 2014, Jarome Iginla, ọmọ Kánádà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wá gbá fún Bruins lábẹ́ Chára. Ọdún 1977 kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Iginla gbá gòólù 30 ní sáà yẹn, Chára gbá 17, àmì 117 tí ẹgbẹ́ náà kó nínú sáà sì ju ti gbogbo ẹgbẹ́ tó kù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Montreal ló lé wọn jáde lẹ́yìn náà. Balógun ni Iginla fúnra rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ ní Calgary, síbẹ̀ ó wá, ó sì gbá lábẹ́ balógun mìíràn láìsí ìjà kankan.

---

Ìlú-Ọba-Ni-Mo-Wà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ Max Pacioretty, eléré ẹgbẹ́ Montreal. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2011, ní Montreal, Chára ti ọmọkùnrin yìí mọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá níbi tí ìjókòó àwọn eléré wà. Orí rẹ̀ lọ kọlu òpó tó di gíláàsì mú. Eegun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ọpọlọ rẹ̀ gbọ̀n, kò sì gbá mọ́ títí sáà náà fi parí. Ẹ má sì gbàgbé pé ìjà díẹ̀ ti wà láàrin wọn, nítorí pé ní oṣù kìíní ọdún kan náà, Pacioretty ti Chára lẹ́yìn tí ó gbá gòólù tó fòpin sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Líìgì kò dá Chára dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ sọ pé ọkùnrin yìí mọ bí a ṣe ń darí ara rẹ̀ àti àwọn mìíràn, a kò lè fi èyí sílẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ tó báyẹn, tí ó sì ti gbá lórí pápá yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, yẹ kí ó mọ ibi tí òpó wà.

---

Agbọ́hùn-Eré

Ẹ̀gbọ́n Ìlú-Ọba, mo dúpẹ́ pé ẹ mú un wá, nítorí pé kò yẹ kí á fi pamọ́. Adájọ́ eré náà lé Chára kúrò lórí yìnyín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé ó dí ẹni tí pọ́ọ̀kì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ lọ́nà. Líìgì wò ó, wọ́n sì sọ pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní ìkà. Inú bí àwọn ará Kánádà débi pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Air Canada kọ̀wé sí líìgì pé àwọn lè fa ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn sẹ́yìn. Ọlọ́pàá Montreal ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún náà, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ Quebec sọ pé kò sí ẹ̀sùn tí wọn yóò fi kàn án. Pacioretty padà sórí yìnyín ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó sì jẹ balógun Montreal ní ọdún 2015. Láti ìgbà náà ni NHL ti fi gíláàsì tó tẹ̀ kọrọdọ bo irú òpó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo pápá wọn.

Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé agbára rẹ̀ léwu, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wo iye ọdún tó fi gbá, ìgbà tí ó fi agbára náà pa ẹlòmíràn lára kò pọ̀ rárá. Èmi kò gbà pé àfojúdi ló wà nídìí ti ọjọ́ yẹn.

---

Ìlú-Ọba-Ni-Mo-Wà

Mo gbọ́ àlàyé yín, ẹ ṣeun. Síbẹ̀, ojú mi kò tíì kúrò lára òpó náà, èmi ì bá sì fẹ́ kí wọ́n dá a dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa bá ìjíròrò yín lọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n mú ọ̀rọ̀ náà padà sí Slofákíà, nítorí pé gbogbo ohun tí ẹ ti sọ láti òkè, Amẹ́ríkà àti Kánádà ló kún inú rẹ̀.

Nígbà tí Tsẹkoslofákíà pín sí méjì lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993, àwọn Tṣẹ́kì ni wọ́n jogún àyè orílẹ̀-èdè náà láàrin àwọn tó lágbára jù lọ nínú họ́kì. Slofákíà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń gbá fún ikọ̀ àpapọ̀ náà láti ìgbà pípẹ́, ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta. Wọ́n gòkè ní ọdún 1994, wọ́n tún gòkè ní 1995, wọ́n sì dé ìpele àwọn àgbà ní 1996. Ọdún kan náà yẹn ni wọ́n mú Chára ní ipò 56. Orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bíi mílíọ̀nù 5 àti ààbọ̀ lọ ni à ń sọ o.

Ní ọdún 2000, ní St. Petersburg, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé, wọ́n sì pàdánù sí àwọn Tṣẹ́kì pẹ̀lú gòólù 5 sí 3. Chára wà níbẹ̀. Ní ọdún 2002, ní Gothenburg, wọ́n gba wúrà nígbà tí Peter Bondra gbá gòólù tó na Rọ́ṣíà 4 sí 3. Chára kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ará Slofákíà fi máa ń kọ́kọ́ dárúkọ Bondra kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń fi Marián Hossa ṣíwájú rẹ̀, nítorí pé Ife Stanley 3 ni Hossa gbà pẹ̀lú Chicago, ní 2010, 2013 àti 2015. Ẹgbẹ́ Chára gan-an ni wọ́n nà ní àṣekágbá ti 2013.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èmi fi fi Chára ṣíwájú. Ní Òlíḿpíìkì ọdún 2010 ní Vancouver, Slofákíà ṣe ipò kẹrin, Pavol Demitra ni ó sì kó àmì jù lọ (gòólù àti ìrànwọ́ sí gòólù) nínú gbogbo eléré tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni òun àti Chára. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ọkọ̀ òfurufú tó gbé ẹgbẹ́ Lokomotiv Yaroslavl já lulẹ̀ ní Rọ́ṣíà, Demitra sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ni Chára fi jẹ adùn Ife Stanley kí ìròyìn yẹn tó dé bá a. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ó kó ikọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí nǹkan lọ́wọ́ wọn lọ sí ìdíje àgbáyé ní Helsinki gẹ́gẹ́ bíi balógun. Wọ́n dé àṣekágbá, Rọ́ṣíà nà wọ́n 6 sí 2, nígbà tí wọ́n sì ń gba fàdákà, aṣọ tó ní orúkọ Demitra àti nọ́ńbà 38 ni ó wà lọ́rùn balógun. Lónìí, orúkọ Demitra ni wọ́n fi pe pápá yìnyín Trenčín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi gíga ara ṣe irú iṣẹ́ tó ṣe ní Helsinki. Òun náà ni ó gbé àsíá Slofákíà wọ pápá ní Sochi ní ọdún 2014.

---

Ìyá-Ìbejì-Toronto

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìtàn, ẹ ti mú ọkàn mi rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yí èrò tèmi padà díẹ̀ ni ọdún 2019. Ẹni ọdún 42 ni Chára nígbà náà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹrin àṣekágbá pẹ̀lú St. Louis, pọ́ọ̀kì ta lára ọ̀pá rẹ̀, ó sì bá a lẹ́nu, eegun àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ karùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní Boston, ó jáde pẹ̀lú ohun ìbojú lójú, gbogbo ilé eré dìde sí i, wọ́n ń pariwo débi pé a kò gbọ́ ohun tí àwọn atọ́kùn ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bruins pàdánù Ife náà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn pé kí wọ́n má ṣe gbìyànjú irú rẹ̀ láé, n kò sì tíì yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n ó yé mi pé àwọn tó ń bá a gbá kò lè wò ó lójú kí wọ́n ní ó rẹ àwọn.

Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1,023 pẹ̀lú Bruins, ó lo sáà kan ní Washington, ó sì padà sọ́dọ̀ Islanders tó kọ́kọ́ mú un. Ibẹ̀ ló ti kọjá Chris Chelios ní oṣù kejì ọdún 2022, tí ó sì di eléré ẹ̀yìn tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jù lọ nínú ìtàn NHL. Ó parí sí 1,680, pẹ̀lú gòólù 209. Fún ẹni tó wúwo tí ó sì ga tó bẹ́ẹ̀, ara kì í sábà gbé e pẹ́ tó báyẹn. Ní ti èyí, Agbọ́hùn-Eré, gíga kò ràn án lọ́wọ́ rárá.

---

ỌmọỌ̀ṣun-Boston

Ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú Bruins lọ́jọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 kí ó lè fi eré sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ náà. Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sá eré ìje Boston Marathon, ó sì parí rẹ̀ ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 38. Àwọn tó bá a ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí kò ní kà á sí ohun ìyanu.

---

Ajàkadì-Abẹ́òkúta

Ẹ ti jẹ́ kí ó wù mí láti wo odidi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan dípò àwọn fídíò kéékèèké tí mo ń wò. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò, kí ni kí n sì máa ṣọ́ nínú rẹ̀?

---

Agbọ́hùn-Eré

Ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje ti ọdún 2011 ní Vancouver. Ẹ má ṣe wá gòólù Chára níbẹ̀, nítorí pé Bergeron àti Marchand ló gbá gbogbo rẹ̀, méjì méjì. Ẹ wá àwọn ìbejì Sedin ti Vancouver, Daniel tó kó àmì jù lọ nínú NHL ní sáà yẹn àti Henrik tó gba àmì ẹ̀yẹ eléré tó wúlò jù lọ ní ọdún tó ṣáájú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jáde sórí yìnyín, ẹ wo ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Claude Julien ń rán sí wọn. Chára àti Dennis Seidenberg ni. Gòólù kan péré ni Henrik rí gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 náà, Vancouver lápapọ̀ gbá 8, Bruins gbá 23. Aṣọ́lé Tim Thomas ṣe iṣẹ́ ńlá, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjàkadì yóò rí ohun tí àwọn mìíràn kì í kíyè sí: nọ́ńbà 33 ti Bruins, ìyẹn Chára, ni kí ẹ máa ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nígbà tí pọ́ọ̀kì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.